Ẹran tí ọdẹ pín fún wa: Ṣé a mọ irú ọta tó pa á?

Bí ẹ bá dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ìgbẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gé ọta ìbọn jẹ rí. Ẹ ó ti fi ọbẹ̀ ọ̀yà jẹ iyán dé ìdajì, eyín yín á ṣàdédé kan nǹkan líle. Nílé bàbá bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ, ọmọ tó bá rí ọta nínú ẹran tirẹ̀ a máa yọ̀ ni. A óò fi omi ṣàn án, a óò fi han ara wa, a óò sì tò ó sójú fèrèsé bí ẹni to owó. Kò sí àgbàlagbà kan tó ní ká jù ú nù. Lójú gbogbo wa, ọta tí a bá ti tu jáde lẹ́nu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá tó kọjá, nígbà tí mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ níbẹ̀. Lọ́dọọdún, tí àsìkò àgbọ̀nrín bá ti tó, wọ́n á gbé ìbọn ráífù wọn, wọ́n á wọ aṣọ olómi ọsàn, wọ́n á lọ sínú igbó. Tí wọ́n bá pa ẹran, ìyàwó wọn á lọ díẹ̀, á gé ìyókù sínú fírísà, àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò náà á sì gba tiwọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, gáráàjì ni wọ́n wà, wọ́n ń di ọta fúnra wọn. Mo rí i pé ọta tó wà níwájú wọn pupa láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ pààrọ̀ ọta?"

Wọ́n ní, "Àbúrò, ìyàwó mi lóyún. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ń jẹ ẹran ìgbẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ òun ló ń pa á. Nọ́ọ̀sì wá bi í pé, irú ọta wo ni ọkọ rẹ fi ń pa á?"

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ohun tí mo gbà ni pé irú ọta tí ọdẹ yàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan. Ẹni tí yóò jẹ ẹran náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ọdẹ tó bá sì lágbára láti fi ọta òjé sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀.

Kí ni ọta ń ṣe nínú ẹran?

Òjé ni ọ̀pọ̀ ọta ráífù tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà jẹ́ nínú, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó lára. Ìdí wà tí wọ́n fi yan òjé. Ó wúwo, ó rọ̀, kò wọ́n, kò sì ṣòro láti yọ́, nítorí iná tó gbóná tó ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ti tó o. Tí ọta bẹ́ẹ̀ bá ba ẹran, orí rẹ̀ á ṣí, ojú ọgbẹ́ á fẹ̀, ẹran á sì tètè kú. Àánú wà nínú èyí. Ọta tí kì í ṣí á kàn gba ara ẹran kọjá ni, ẹran á sá lọ, á sì lọ jẹ̀rora kú síbi tí ọdẹ kò ní rí i. Ìdí nìyí tí òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi ka irú ọta bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún pípa àgbọ̀nrín.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọdẹ ti ń ronú lórí ọta. Ní ọdún 1946, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, John Nosler, yìnbọn lu ẹranko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní moose ní Kánádà. Ọta rẹ̀ fọ́ sára ẹran náà láìwọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, ló bá padà sílé lọ ṣe ọta tuntun tó ní ògiri bàbà láàárín, kí ìdajì rẹ̀ lè ṣí, kí ìdajì kejì sì máa wọlé lọ. Láti ìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ọdẹ máa ń bi ara rẹ̀ tó bá fẹ́ ra ọta: Ṣé ó ń lọ tààrà? Ṣé ó ń wọlé jìnnà? Ṣé ó ń ṣí?

Ìbéèrè kẹrin ni wọn kì í sábà bi: ibo ni ìyókù òjé tó fọ́ ń lọ?

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tẹ èsì ìwádìí wọn jáde lórí àgbọ̀nrín 30 tí wọ́n fi ráífù pa ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Ọta òjé tó ní aṣọ bàbà ni wọ́n lò. Wọ́n ya àwòrán x-ray àwọn ẹran náà, gbogbo wọn ló ní èérún ọta lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn lọ fún àwọn alápatà tó mọṣẹ́, láìsọ ohunkóhun fún wọn, kí wọ́n kun ún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nínú 234 ìdì ẹran lílọ̀ tí wọ́n gbà padà, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èérún irin nínú. Nínú àgbọ̀nrín 30 ọ̀hún, 24 ló ní ó kéré tán ìdì kan tí èérún wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá fi ẹran olóèérún náà bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà sì lọ sókè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú fo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọta tí eyín wa kàn kọ́ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Èyí tó kéré débi pé ojú kò rí i, tí eyín kò kàn án, òun la ń gbé mì.

Ìdí tí òjé kò fi yẹ nínú oúnjẹ

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ara máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú egungun. Tí obìnrin bá lóyún, òjé tó ti wà nínú egungun rẹ̀ lè padà sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè yẹn.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nípa òjé rí. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú láàárín oṣù díẹ̀, nítorí pé òkúta wúrà tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ nínú agboolé ní òjé nínú. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, bo ìkòkò, bo ọwọ́ ọmọ.

N kò sọ pé ẹran àgbọ̀nrín rí bíi ti Zamfara o. Òjé ibẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú abọ́ ọbẹ̀ lọ fíìfíì. Ní ọdún 2008, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ North Dakota fi ẹ̀rọ wo nǹkan bí 100 ìdì ẹran àgbọ̀nrín tí àwọn ọdẹ fi tọrẹ fún àwọn aláìní, ó sì rí irin nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n dá pínpín ẹran ọ̀hún dúró. Àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ 738 èèyàn wò níbẹ̀. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ga ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, kò sì sí ẹnì kankan tí tirẹ̀ dé ààlà tí wọ́n ń lò nígbà náà láti kéde ewu.

Èyí ni kò jẹ́ kí n pariwo pé ẹ sá fún ẹran ìgbẹ́. Àmọ́ bí ewu kan bá kéré, tí ọ̀nà láti yẹra fún un sì wà, kí ni ọmọ inú oyún ṣe tí a ó fi ní kó fara da tirẹ̀?

Bàbà dípò òjé

Ọta tó pupa lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, bàbà ni látòkè délẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò sí i lórí, tó bá ba ẹran, á ṣí bí òdòdó, ṣùgbọ́n kì í sábà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ tí òjé ń ṣe ni òun náà ń ṣe, láìfi èérún ká inú ẹran.

Àmọ́, kì í ṣe pé kéèyàn kàn yọ ti òjé kó sì fi ti bàbà sí i. Bàbà kò wúwo tó òjé. Tí ìwọ̀n ọta méjèèjì bá dọ́gba, ti bàbà á gùn ju ti òjé lọ, á sì gba àyè tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀tù nínú èèpo idẹ. Òṣùwọ̀n tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń lò fún ọta àti ẹ̀tù ni gíréènì, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ráífù ẹ̀gbọ́n jẹ́ .30-06, ìyẹn irú èyí tí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1906. Ọta òjé 180 gíréènì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí bàbà, wọ́n mú 150, tí kò tó gíráàmù 10. Ó fúyẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó ń sáré jù ú lọ, eré náà ló sì ń jẹ́ kí bàbà ṣí dáadáa. Ọta bàbà tó bá ti rẹ̀ kó tó débi ẹran lè má ṣí rárá. Ọdẹ tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí agbára ìbọn rẹ̀ mọ, kó má yìnbọn sí ẹran tó jìnnà kọjá ibẹ̀.

Kí ni dída ọta fúnra ẹni? Èèpo idẹ tí wọ́n ti yìn ni wọ́n máa ń tún lò. Wọ́n á fi ẹ̀rọ fún un padà sí bó ṣe wà, wọ́n á fi práímà tuntun sí ìdí rẹ̀, wọ́n á wọn ẹ̀tù sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á dà á sínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ọta dé e lẹ́nu. Ìwé wà tí àwọn tó ń ṣe ọta àti ẹ̀tù tẹ̀ jáde, iye tó yẹ wà nínú rẹ̀ fún ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti iye tó ga jù. Á ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìwé kọ fún ọta òjé, èèyàn kò gbọdọ̀ lò ó fún ti bàbà. Ẹ̀tù tó pọ̀ jù lè fọ́ ìbọn mọ́ ọdẹ lójú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Práímà tó wọ́pọ̀ náà ní òjé nínú. Ẹni tó bá ń da ọta kò gbọdọ̀ jẹun nídìí iṣẹ́ náà, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ tó bá ṣe tán, kó má sì jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀. Kò ní bọ́gbọ́n mu kéèyàn lé òjé kúrò nínú ọbẹ̀ kó wá fi ọwọ́ gbé e wọ yàrá ọmọ.

"Àwọn bàbá wa jẹ ẹ́, wọ́n sì gbó"

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ètò wa lórí rédíò, bàbá ọdẹ kan pè wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọta yìí ni àwọn bàbá wa fi pa ẹfọ̀n, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì gbó kí wọ́n tó kú."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n n kò gba ọ̀rọ̀ náà tán. Àwọn tó gbó là ń rántí. Òjé kì í ṣe májèlé tí èèyàn á jẹ lónìí kó ṣubú lọ́la. Ọmọ tó bá ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ìwé ni kò ní tètè yé e, a ó sì máa pè é ní olódo. Ta ni yóò ronú kan ọbẹ̀ ọ̀yà?

Àwọn mìíràn ní ọta bàbà wọ́n. Òótọ́ ni, ó sábà máa ń wọ́n ju ti òjé lọ. Ṣùgbọ́n ọta mélòó ni ọdẹ àgbọ̀nrín ń yìn sí ẹran láàárín ọdún kan? Iye owó ọta díẹ̀ yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó epo ọkọ̀ tó gbé e dé igbó. Ẹni tó bá ń di ọta fúnra rẹ̀ tún lè dín in kù sí i.

Àwọn kan sì ní kò ní ṣiṣẹ́. Denmark fòfin de ọta wẹ́wẹ́ olójé ní 1996, ó sì fòfin de ọta ráífù olójé fún ọdẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ṣì ń pa ẹran. Ní California, nítorí igún ńlá tí wọ́n ń pè ní condor, tó ku 22 péré láyé ní 1982, tí òjé inú ìfun ẹran tí àwọn ọdẹ fi sílẹ̀ nígbó sì ń pa, wọn kò gbà kí ọdẹ kankan lo ọta òjé mọ́ láti oṣù Keje ọdún 2019. Tí wọ́n bá lè ṣe èyí nítorí igún, ó yẹ kí àwa náà lè ṣe nǹkan nítorí ọmọ wa.

Nílé wa ńkọ́?

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n kí ni ọdẹ tó ń ki ṣakabùlà ń ṣe, bí kì í bá ṣe dída ọta fúnra ẹni? Òun ló ń wọn ẹ̀tù, òun ló ń kì í, òun ló sì ń yan ohun tí yóò fi ṣe ọta. Ẹni tó bá sì ń lo ìbọn oní-kátírììjì, òjé ló sábà máa ń wà nínú kátírììjì rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà o. Ọta ṣakabùlà kì í sáré bíi ti ráífù, kì í sì í fọ́ káàkiri tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé ni òjé ń jẹ́. Tó bá gba egungun kọjá, á fá díẹ̀ sílẹ̀. Tó bá wà nínú ẹran tí a sè pẹ́ nínú ọbẹ̀ tòmátì, tàbí tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ, kíkan yẹn máa ń mú kí òjé yọ́ sínú oúnjẹ. Ààrò kò lè lé e lọ, yíyan kò lè pa á.

N kò ní kí ìjọba dìde lọ́la kó máa mú àwọn ọdẹ wa. Òfin ìbọn tó wà nílẹ̀ láti 1959 pàápàá, ẹ wo bí a ṣe ń lò ó. Ọdẹ abúlé kò ní ilé ìtajà tó ti lè ra ọta bàbà. Ọta irin náà sì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbọn ló lè gbà á. Ó lè ba ẹnu ìbọn àtijọ́ jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìmọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, látẹnu àwọn olórí ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn elétò ìlera.

Ohun tí a lè ṣe láti òní nìyí:

Ọdẹ tó bá ní ráífù tó sì lè rí ọta bàbà rà, kó lò ó fún ẹran, kó sì kọ́kọ́ dán ìbọn rẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ibi tó máa bà lè yàtọ̀ sí ti òjé.

Ẹni tó bá ṣì ń lo òjé, kó gé ibi tí ọta gbà wọlé sọnù, kó gé e fẹ̀ dáadáa. Èérún a máa jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Kó má sì fi ibẹ̀ bọ́ ajá.

Kó má lọ ẹran tó wà nítòsí ọgbẹ́, nítorí ẹ̀rọ ìlọta á pín èérún kan ṣoṣo sínú gbogbo abọ́.

Aboyún, abiyamọ àti ọmọdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹran tí a fi pańpẹ́ mú, tàbí ọ̀yà tí a sìn nílé.

Àwa tí a ń rà á lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká máa béèrè. A ti kọ́ láti bi ẹlẹ́ja bóyá Gammalin ni wọ́n fi pa ẹja. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè ọta kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìjíròrò wa, ẹ̀gbọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti pa àgbọ̀nrín kan. Wọ́n rí ọta náà lábẹ́ awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ti ṣí sí mẹ́rin, wọ́n sì gbé e sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù. Nínú 150 gíréènì, 148 ló ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi ti ń jẹ ẹran."

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nígbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ àwọn ọdẹ wa ń fún wa jẹ. Bàbá bàbá mi kò jẹ ẹran wọn dá rí. Ilé wọn ni gbogbo àdúgbò ti ń gba ìpín. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ohun tí àwa ọmọdé ń tò sójú fèrèsé lè ṣe wá níbi, mo mọ̀ dájú pé wọn ì bá ti wá nǹkan mìíràn kì sínú ìbọn wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Àwa tí a ti gbọ́, ẹ jẹ́ ká sọ fún ọdẹ tó kù.